Ìdákẹ́ Ẹni tí a fi Ajá Sí Lọ́wọ́

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò wo orí ọ̀rọ̀ yìí, yóò sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ajá kẹ̀? Ṣé ọ̀ràn ènìyàn ti tán nílẹ̀ ni?" Àwa pẹ̀lú ì bá ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Òkè Padre, tí ó fi hàn wá pé ọ̀ràn ajá lè di ọ̀ràn ẹ̀mí ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí: Ẹni tí a fi ohun alààyè sí ní ìtọ́jú, tí ó fún un ní oúnjẹ àti omi, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní alẹ́, ṣùgbọ́n tí kò sọ ibi tí ó bá a fún ẹni tí ó ni ín, ǹjẹ́ ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀?

Fífi ẹran sí ọwọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Àwọn bàbá wa a máa fún ará tàbí ọ̀rẹ́ ní abo ewúrẹ́ tàbí àgbébọ̀ adìẹ ní àgbàsìn, kí ẹni tí ó gbà á máa sìn ín, kí àwọn méjèèjì sì jọ pín ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn Yorùbá tí ó ní màlúù ní ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàràpá a máa fi wọ́n sí ọwọ́ Fúlàní darandaran, tí wàrà màlúù náà sì ń jẹ́ apá kan nínú èrè rẹ̀. Ajá kò sí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí agbo ilé kún, bí ẹnìkan bá lọ sí àjò, ẹlòmíràn wà nílé tí yóò ju òkèlè fún un. Ní ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn kò ní ju bàbá, ìyá àti ọmọ lọ. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lọ sí Èkó, kò sí ẹni tí yóò bọ́ ajá tí ń ṣọ́ ilé. Nítorí náà ni ilé ìtọ́jú ajá ṣe dìde, níbi tí a ń san owó fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba ajá ní òwúrọ̀, wọ́n sì ń dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. A kò rí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí ó lérè ni, bí òtítọ́ bá wà nínú rẹ̀.

Ìyá kan tí ó jẹ́ olùkọ́, aládùúgbò wa lórí òkè yìí tí a fi orúkọ àwọn Fádà Ìjọ Àgùdà pè, lọ sí ìsìnkú ní Èkìtì fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì fi ajá rẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kejì, a da gbogbo ajá pọ̀ sí àgbàlá kan láti jẹun. Ajá ńlá kan, tí òun pẹ̀lú jẹ́ àlejò níbẹ̀, sì bu ajá ìyá yìí jẹ ní ọrùn. Ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ sáré láti là wọ́n, ajá náà sì bù ú jẹ ní ọwọ́. Ọ̀gá fi aṣọ di ọwọ́ ọmọ náà, ó da oògùn sí ọrùn ajá, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́. Ní alaalẹ́ ni ìyá yìí ń pè lórí tẹlifóònù, èsì kan náà ni ó sì ń gbà: "Ara ajá yín le, mà. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀." Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí kò ní egbò ni wọ́n yà.

Nígbà tí ó dé, òórùn egbò ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè wá, a sì jọ padà lọ síbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀kẹta tí a bi ọ̀gá náà léèrè ni ó tó jẹ́wọ́. Nígbà náà ni ọmọkùnrin yẹn yọ ọwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tí ó fi hàn wá. Láti ìṣẹ́jú náà, ìyá yìí kò sọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ajá tí ó bu ọmọ yìí jẹ, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?" Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Kò sí ìwé kankan. Ajá náà sì ti bá olúwa rẹ̀ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà wá. Kòkòrò àrùn dìgbòlugi ń gbé inú itọ́ ajá tí ó ní i. Ó ń gba ojú egbò wọ inú ara, ó sì ń lọ sí ọpọlọ. Ó lè fi ara pamọ́ nínú ènìyàn fún oṣù 2 tàbí 3, nígbà mìíràn fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà ṣáájú àkókò náà, gẹ́gẹ́ bí ayé ti mọ̀ láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur mú kí a gún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris. Àwọn oníṣègùn kọ́ wa pé kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí a lọ gba abẹ́rẹ́ láìjáfara, kí a sì máa ṣọ́ ajá tí ó bu ènìyàn jẹ fún ọjọ́ 10. Ẹ kíyèsi i pé gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: kí ẹnìkan sọ̀rọ̀.

A mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gún un ní abẹ́rẹ́. A wá ẹni tí ó ni ajá ńlá náà kàn; ajá náà sì wà ní àlàáfíà títí ọjọ́ 10 fi kọjá. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdákẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó gbà á là.

Nígbà tí a bi ọ̀gá yìí léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò yẹ kí a mú ìròyìn búburú bá ẹni tí ó wà ní ibi ìsìnkú. Mo rò pé egbò náà yóò ti san kí wọ́n tó dé." A kò lè pè é ní àwáwí lásán. Àṣà wa ni pé a kì í sáré túfọ̀ fún ẹni tí ó wà ní ìrìn àjò; a ó wí pé ara ẹni báyìí kò yá díẹ̀, títí olúwa rẹ̀ yóò fi dé ilé, tí àwọn àgbà yóò sì jókòó tì í. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Àṣà rere ni, àánú sì ni ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀. Òkú kò ní oògùn. Bí a bá fi ìròyìn ikú pamọ́ di ọ̀la, kò sí ohun tí ó bàjẹ́ sí i. Egbò ní oògùn, ìròyìn rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú oògùn náà. Ẹni tí ó bá fi ìròyìn ohun tí ó ṣì ní àtúnṣe pamọ́, àtúnṣe náà gan-an ni ó fi pamọ́. Àánú kọ́ ni èyí mọ́, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ àánú.

Ọ̀ràn yìí ti dàgbà ju ìlú Ìbàdàn lọ. Nínú òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, ní nǹkan bí ọdún 3,750 sẹ́yìn, bí kìnnìún bá pa ẹran nínú agbo, darandaran yóò búra pé ọwọ́ òun mọ́, ẹni tí ó ni ẹran ni yóò sì gba àdánù. Ṣùgbọ́n bí àìbìkítà darandaran bá fa àrùn sínú agbo, òun ni yóò san án. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 22, Òfin Mósè sọ nípa ẹran tí a fi sí ọwọ́ aládùúgbò pé bí ẹranko búburú bá fà á ya, kí olùtọ́jú mú un wá fún ẹ̀rí, kò sì ní san nǹkan kan. Ẹ wò ó bí òfin náà ti tutù tó! Kò béèrè pé kí ibi má ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí pé ta ni ó lè ṣe ìlérí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rí ni ó béèrè. Ẹni tí ó gbé ẹran tí ó fara gbọgbẹ́ wá, tí ó wí pé, "Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí," ti bọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018 pàṣẹ pé kí ẹni tí ń fi ìtọ́jú ajá ṣòwò gba ìwé àṣẹ, kí ó sì ní ìwé tí a kọ orúkọ olówó ajá, dókítà rẹ̀, àìsàn rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé gbogbo ẹ̀bi ka orí ẹnìkan. Ẹni tí ó ni ajá ńlá náà mọ̀ pé ajá òun máa ń jà lórí oúnjẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò wa pẹ̀lú jẹ́wọ́ fún wa pé nígbà kan rí tí ọ̀gá yìí sọ òtítọ́ fún òun, pé ẹ̀wọ̀n ọrùn ajá sọnù, òun bú u títí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ẹni tí ó bá ń fi èébú pàdé gbogbo ìròyìn búburú, owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra irọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ajá sí ìtọ́jú, ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń béèrè ti àwọn yòókù. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú sì ní tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé sí àárín ọ̀pọ̀ ajá, nítorí àrùn parvo, tí ó ti ń pa wọ́n kárí ayé láti nǹkan bí ọdún 1978, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ sọ ìwà ajá yín, àtèyí tí ó dára àtèyí tí kò dára. Ẹ wo àgbàlá náà, bóyá olúkúlùkù ajá ń jẹun lọ́tọ̀. Ẹ bá olùtọ́jú ṣe àdéhùn pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru, ẹ̀yin kò sì ní bú u. Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ má ṣe pa ẹnu ọmọ iṣẹ́ yín mọ́; ọmọ ẹlòmíràn ni òun náà.

Ajá kò lè sọ ohun tí ó rí nígbà tí olúwa rẹ̀ kò sí nílé. Ẹni tí ó gbà á sí ọwọ́ ti gba ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ tiyín, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ó bá ṣubú lónìí, kí ìyá rẹ̀ gbọ́ lónìí, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín.