“Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Kọ́ Mi”: Ṣé Ahun Ni Ẹni Tó Bá Kọ̀?

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ẹni tó bá mọ nǹkan, kó fi han ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó mọ irun dì nílé, òun ni gbogbo ọmọ ilé ń jókòó síwájú rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò, òun ni gbogbo kíláàsì ń rọ́ lọ bá nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Ẹni tó bá dáhùn pé “lọ bi tíṣà”, ahun ni. Kò tún lórúkọ míì.

A gbé ẹ̀kọ́ yìí kọjá òkun dé Lọ́ńdọ̀nù, a sì gbé e wọ kíláàsì kan tí a ò tíì rójú sọ fún àwọn ìyá wa pé à ń lọ: kíláàsì eré ìdárayá orí òpó, èyí tí wọ́n ń pè ní pole fitness.

Ẹ má tíì fọwọ́ bo ẹnu o. Òpó irin ni, ó dúró láti ilẹ̀ dé àjà, èyí tó wọ́pọ̀ jù kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 45 lọ. A ó fi ọwọ́, itan àti abẹ́ orúnkún dì í mú, a ó gùn ún, a ó yí, a ó sọrí kodò. Lóòótọ́, ilé ijó alẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ọkùnrin Íńdíà ti ń fi òpó igi ṣe eré agbára tí wọ́n ń pè ní mallakhamb. Ní 2009 ni wọ́n dá IPSF, àjọ àgbáyé fún eré orí òpó, sílẹ̀. Nígbà tó sì di 2017, GAISF tó kó àwọn àjọ eré ìdárayá àgbáyé jọ fún un ní ipò aṣàkíyèsí. Iṣẹ́ agbára ni. Ẹ bi èjìká wa.

Èèyàn bíi mẹ́wàá la wà ní kíláàsì, tíṣà kan, èèyàn méjì-méjì sì ń pín òpó kan. Ìgbà tí a ti lo bí ọdún méjì níbẹ̀ ni ọmọ Yorùbá kan wá darapọ̀ mọ́ wa. Bó ṣe gbọ́ ohùn wa báyìí, ó ní, “Háà! Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé wa ni yín?” Láti ọjọ́ náà, kò bi tíṣà ní nǹkan kan mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ yẹn?” “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí, ṣé ó ti dáa?” Tíṣà ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ojú tiẹ̀ wà lára wa. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó méjì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ wa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹ́ sọrí kodò. Tíṣà ò tíì gbé e débẹ̀; bó ṣe máa fa èjìká wálẹ̀, kó fi agbára ikùn gbé orúnkún sókè díẹ̀díẹ̀, ló ṣì ń kọ́ ọ. Àwa ní tiwa, fífò la fi bẹ̀rẹ̀ níjọ́sí, kò sì sóhun tó ṣe wá. Bí tíṣà ṣe kọ̀yìn sí wa, a ní, “Àbúrò, ìyẹn ti pẹ́ jù. Ta ẹsẹ̀ nílẹ̀, fò, ara ẹ á tẹ̀ lé e.”

Ó fò. Ó sọrí kodò lóòótọ́. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá yọ̀. Ó ti fi ìpara para kó tó kúrò nílé, ìpara sì ni ọ̀tá ẹni tó fẹ́ fi awọ ara di irin mú. Tíṣà máa ń béèrè rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwa ò béèrè. Fóòmù tó nípọn wà nídìí òpó, òun ló kó o yọ, ṣùgbọ́n èjìká ló fi balẹ̀.

Tíṣà sáré dé. “Ta ló ní kó o fò?”

Àbúrò wa wo ojú wa, ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Èmi ni. Mo kàn ní kí n gbìyànjú ẹ̀ ni.”

A dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè gbé apá yẹn sókè dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló gbà wá kí a tó lọ jẹ́wọ́ fún tíṣà. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìbéèrè kan ò ti jẹ́ ká sùn: kí ni a fún ọmọ yìí gan-an? Ṣé oore ni?

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé ohun tí ara wa mọ̀ kọ́ ni ara tiẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá ṣì ọ́ kọ́ ní ìṣirò, wàá gba òdo, wàá tún un ṣe. Bí wọ́n bá ṣì ọ́ kọ́ ní sísọrí kodò, ọrùn rẹ ló máa gba òdo yẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀nà tí òun gbà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni mọ ọ̀nà púpọ̀, ó sì mọ èyí tí kò bá ọ mu àti ìdí tí kò fi bá ọ mu. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí òmùwẹ̀ fà wọ odò ńkọ́?

Ohun kejì nira díẹ̀ láti sọ. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan la fi dá a lóhùn. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ wa kó já geere. Nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Àmọ́ yàrá kan wà tí ẹnì kan ti ń pè wá ní Ẹ̀gbọ́n, tó ń wò wá bíi pé a mọ nǹkan. Ebi irú ìwò yẹn ló ń pa wá. A rò pé òun là ń bọ́, àṣé àwa là ń jẹun.

Ẹlòmíì á ní, “Ó tán nìyẹn. Kí ẹ máa sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi tíṣà.” Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ni tíṣà. Àwọn kan wà tí ojú ń tì, àwọn kan rò pé ara àwọn tóbi jù, gbogbo èèyàn ló sì ń wo àwọn. Ìdí tí wọ́n fi bi ọ́ ni pé wọn ò lè bi tíṣà. Bó o bá ní “lọ bi í”, tó o sì yíjú padà sí òpó rẹ, o kàn fọwọ́ nù ni. Ahun gidi nìyẹn.

Ọ̀nà kẹta ló kù, òun la sì wá dì mú: bá a lọ. Nígbà tí àbúrò wa padà dé, ó tún ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi.” A ní, “Àbúrò, ìyẹn ju agbára wa lọ. Wá, ká jọ lọ bi í.” A mú un débẹ̀, a dúró tì í títí ó fi béèrè tán. Ohunkóhun tó bá máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ti tíṣà ni. Èyí tó kù, tiwa ni: a lè fi fóònù ya fídíò rẹ̀ kó rí ara rẹ̀, a lè bá a nu òpó, a lè rán an létí ohun tí tíṣà ti sọ, a lè sọ bí ẹ̀rù ṣe ba àwa náà tó. Nígbà míì sì rèé, a máa ní, “Jẹ́ ká parí tiwa ná,” torí àwa náà sanwó. Kò sí èébú níbẹ̀ bí ohùn bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ó ti ń sọrí kodò báyìí láì fò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, tíṣà ló di ìbàdí rẹ̀ mú. Àwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, à ń pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ la ò lè gbàgbé. A bi í pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Háà, Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá tú yín síta lójú gbogbo wọn ni?”

Òun ló kéré. Òun náà ló fi èjìká gbá ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló ṣe ẹ̀gbọ́n.