Ọmọ Ọwọ́ Lọ́jọ́ Fàájì Ọdún: Ta Ni Yóò Gbé E?

Bísímílláhì Ràhámánì Ràhímù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi ọmọ ta wá lọ́rẹ, tí Ó sì fi àyè ìsinmi sí àárín iṣẹ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.



Ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa lọ́dọọdún ni a fẹ́ yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Bí Iléyá bá ti kù díẹ̀, tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ọkọ̀ jọ pé a fẹ́ jáde ṣe fàájì lọ́jọ́ kẹta ọdún, ìbéèrè kan náà ni yóò jáde: àwọn ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ńkọ́? Ẹnì kan á ní kí wọ́n jókòó sílé, nítorí igbe ọmọ a máa da wáásí rú. Ẹlòmíràn á ní ọmọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kí ni yóò rí níbẹ̀? Ìyá àgbà á ní wọn kì í gbé ọmọ tuntun rìn bẹ́ẹ̀. Ọkọ á dákẹ́. Ìyàwó á wolẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra ní Òrò-Àgọ́, ọkọ á wà nínú rẹ̀, ìyàwó á sì wà lẹ́yìnkùlé tí ó ń fọ aṣọ ọmọ. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, kò ní sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. A ti pàdánù arábìnrin tó pọ̀ lọ́nà yìí, a sì ń bi ara wa pé kí ló dé tí àwọn obìnrin wa kò fi dúró pẹ́ nínú ẹgbẹ́.

Ṣé bí ẹ̀sìn ti wí ni èyí? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, fàájì tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú kì í ṣe àbùkù fún Mùsùlùmí. Sàábé kan wà tí ń jẹ́ Hanzala. Ó rò pé òun ti di alágàbàgebè, nítorí pé bí òun bá wà lọ́dọ̀ Ànábì, ọkàn òun a máa wà ní Àlùjáńnà, ṣùgbọ́n bí òun bá délé, tí òun ń bá aya àti ọmọ ṣeré, òun a gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ànábì fi yé e pé ìgbà wà fún ìyẹn, ìgbà sì wà fún èyí. Ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ará Hábáṣà ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Ànábì dúró, ìyá wa Áíṣà ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi sú Áíṣà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ kíyè sí i dáadáa. Kì í ṣe pé ó kàn yọ̀ǹda fún un. Ó dúró tì í.

Ọlọ́hun sì ti fi ibi ìgbafẹ́ jíǹkí ilẹ̀ wa. Ní Ọ̀wá-Kájọlà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn tiwa níhìn-ín, ni ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi Òwu wà, tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta tí ó ga tó 100 mítà. Ní Ẹ̀síẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 wà, òun sì ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ ju 800 lọ. Bí a bá lọ síbẹ̀, a kò lọ bọ ère. Àlùkùránì ni ó ní kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú wa ti rí. Àwọn mìíràn nínú wa tí owó bá dùn mọ́ lọ́wọ́ a máa kó ìdílé wọn lọ sí ọgbà ìṣeré ọmọdé ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Gbogbo èyí dára, bí kò bá sí ìnákùnàá àti ìwà àìtọ́ níbẹ̀.

Lọ́nà kejì, ọmọ ọwọ́ ní àyè láàárín wa. Ẹni tí ó bá ní igbe ọmọ ń da wáásí rú, kí ó rántí pé Ànábì a máa gbèrò láti kírun gígùn, bí ó bá sì gbọ́ igbe ọmọ, a gé ìrun náà kúrú, nítorí ó mọ bí ọkàn ìyá rẹ̀ yóò ti máa dàrú. Kò lé ìyá náà jáde. Ìrun ni ó dín kù. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ Umámà kọ́rùn nígbà tí ó ń kírun. Bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀. Bí ó bá dìde, a tún gbé e. Ummu Qaysi gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò tíì jẹ oúnjẹ wá bá a, ọmọ náà sì tọ̀ sí i láṣọ. Omi ni ó ní kí wọ́n mú wá, ó sì dà á sí i. Kò bínú. Ní ìrìn-àjò Háájì, obìnrin kan gbé ọmọ kékeré sókè, ó sì bi í bóyá Háájì wà fún èyí náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ẹ̀san wà fún ìyá. Bí ọmọ bá lè lọ sí Háájì, ta ni yóò wí pé kò lè dé Ọ̀wá-Kájọlà?

Àní Sáfà àti Máríwà tí àwọn àlááji ń rìn láàárín wọn, kí ni ìdí rẹ̀? Ìyá kan ni, Hájárà, tí ó ń sáré wá omi kiri fún ọmọ tí ó ń fún lọ́yàn. Gbogbo ọba àti olówó tí ó bá dé Mọ́kà, ipasẹ̀ ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Ọmọ ọwọ́ jẹ́ àmánà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún yín.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé ọmọ wa tí ó jẹ́ oṣù 4 lọ sí ọgbà ìṣeré kan ní ìlú ńlá kan, lọ́jọ́ kejì ọdún. Èrò pọ̀, oòrùn mú. A ti san owó ìwọlé, a sì tò sórí ìlà. Aṣọ onírun tí wọ́n fi ta ọmọ lọ́rẹ níjọ́ ìsọmọlórúkọ ni a fi wé e, nítorí àwòrán tí a fẹ́ yà. Ìyá ọmọ ní ara ọmọ gbóná. A ní kí ó ṣe sùúrù, ó ku díẹ̀ kí ó kàn wá. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. A ní ṣé kí owó tí a san ṣòfò ni? Nígbà tí ó yá, ọmọ náà dákẹ́ ẹkún. A dúpẹ́ pé ó ti sùn. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà ló dìde wá, ó wo ojú ọmọ, ó ní, “Áàfáà, ọmọ yìí kò sùn o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ tú aṣọ yìí lára rẹ̀.” Ó gbà á lọ́wọ́ wa, ó tú aṣọ, ó gbé e sábẹ́ igi, ó fi omi tútù nù ún lára, ó ní kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́yàn. Ibẹ̀ ni a ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọlọ́hun yọ wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

A kò rí ọgbà náà bú, a kò sì rí oòrùn bú. Ẹ̀bi wa ni. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ní hádíìsì tí ó sọ pé darandaran ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi í léèrè nípa agbo rẹ̀. Ahọ́n wa kà á, ṣùgbọ́n etí wa kò gbọ́ ohun tí ìyàwó wa ń sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé: ta ni yóò gbé ọmọ náà, ta ni yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbé e? Nínú Súrà Al-Baqara, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun sọ ti ọyàn ọdún méjì fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e. Ó ní kí a má fi ọmọ ni ìyá rẹ̀ lára, kí a má sì fi ni bàbá rẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà ni Ó ní bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọyàn, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìyọ́nú àti àjọrò wọn. Bí Ọlọ́hun bá ní kí tọkọtaya jọ gbìmọ̀ lórí ọyàn, mélòó-mélòó ni ìrìn-àjò? Ọkọ tí ó dá pàṣẹ pé “ẹ ò lọ” àti ọkọ tí ó dá pàṣẹ pé “dandan ni kí ẹ lọ”, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì fi àjọrò sílẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Disneyland ti ṣí ní California ní ọdún 1955, ètò kan wà nínú àwọn ọgbà wọn: bí bàbá bá gun ohun ìṣeré tí ọmọ ọwọ́ kò lè gùn, ìyá yóò dúró ti ọmọ, bí bàbá bá sọ̀ kalẹ̀, á gba ọmọ, ìyá á sì gùn láìtún to ìlà. Ẹnì kan lè yìn wọ́n pé ọlàjú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Súrà An-Nisá, ẹsẹ 102. Lójú ogun, apá kan kírun lẹ́yìn Ànábì, apá kejì ń ṣọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pààrọ̀. Bí a bá lè pààrọ̀ ara wa lójú ogun kí ìrun má baà lọ, kí ló ní kí ọkọ máà gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó kí òun náà lè kí Ayìlá rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kó sì wo omi Òwu díẹ̀?

Bí ẹ bá ti jọ rò ó, tí ẹ sì pinnu láti lọ, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkínní, ẹ wádìí ọ̀nà. Àwa ará Ifẹ́lódùn mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù September 2025, àwọn agbébọn kọ lu Òkè-Òde, ẹ̀mí àwọn ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ìlú sì lọ sí i. Kí Ọlọ́hun ṣíjú àánú wò wọ́n. Ànábì ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Fàájì kì í ṣe ọ̀ranyàn. Bí àwọn tí ó mọ ọ̀nà bá ní kò dára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ lọ, kí òun náà má sì lọ. Ẹ so jangilọ́fà fún àwọn ọmọdé sábẹ́ igi ní ilé-kéwú, ẹ dín àkàrà, ẹ ṣe wáásí kúkúrú. Fàájì nìyẹn náà.

Èkejì, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọyàn nìkan ni oúnjẹ àti omi rẹ̀. Nítorí náà ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní oúnjẹ àti omi. Kí ẹgbẹ́ wá ibi tí ó bò fún àwọn ìyá láti fún ọmọ lọ́yàn. Oyin ní ìwòsàn nínú, Àlùkùránì ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera ti rí i pé kò yẹ kí a fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé ọmọ há àárín ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀kadà. Ànábì kìlọ̀ fún Anjasha tí ń da ràkúnmí àwọn obìnrin pé kí ó rọra, bí ẹni tí ó ru ohun èlò dígí. Awakọ̀ tí ó bá gbé ìyá àti ọmọ, dígí ni ó gbé.

Ẹ̀kẹrin, aṣọ fẹ́lẹ́ fún oòrùn, àwọ̀n fún ẹ̀fọn. Àpáta ẹ̀bá omi Òwu a máa yọ̀, pàápàá nígbà òjò. Kí ẹni tí ó pọn ọmọ má sún mọ́ ibi tí omi ti ń já, kí ẹ má sì bu omi ibẹ̀ fún ọmọ mu.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ànábì ní kí a máa kó àwọn ọmọ wa mọ́ra bí alẹ́ bá ń lẹ́. Kí ìrun Mọ̀ǹgàríbà bá yín nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì so yìgì, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Lọ́dún yìí, bí ìyá ọlọ́mọ bá wọ ọkọ̀, kí arákùnrin dìde fún un lórí ìjókòó, kí arábìnrin bá a gbé àpò rẹ̀. Bí ọmọ bá sunkún nígbà wáásí, kí ẹni tí ń ṣe wáásí gé e kúrú. Àwa fúnra wa ti ṣe ìlérí pé a ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa, kí Ó fi ọ̀nà wa lé ààbò, kí Ó dá àlàáfíà padà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, kí Ó sì jẹ́ kí a lè jíhìn rere lórí àmánà tí Ó fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.