Ìrẹ́pọ̀ Àwọn Alágbára: Ṣé Ire Ni Nígbà Gbogbo?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa ní ìran-ìran.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti òbí Mùsùlùmí, láti 2018 ni Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ti ń fa owó-orí ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń jà, àyà wa a já; bí a bá gbọ́ pé wọ́n bọwọ́, a ó ní, ‘Alihamudulilahi.’ Ṣé ìjà nìkan ni ibi ni?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Lọ́dún kan náà, Faransé gba Abomey, olú-ìlú Dàhòmì. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn díje lórí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kò tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jagun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ní Paris, tí wọ́n fa ààlà. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, àwa bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọba Yorùbá kankan níbẹ̀. Ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n fi pín wa.

Bí olórí ẹbí méjì bá parí ìjà, tí wọ́n sì pín ilẹ̀ ọmọ òrukàn láàárín ara wọn, ta ni yóò pe ìyẹn ní àlàáfíà?

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí náà. Ní 1958, Rọ́ṣíà ìgbà náà, tí à ń pè ní Soviet, dá a lábàá níbi àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kí a pa àrùn ìgbóná run. Ọ̀tá ni òun àti Amẹ́ríkà nígbà náà. Síbẹ̀, Rọ́ṣíà pèsè oògùn àjẹsára, Amẹ́ríkà fi owó àti òṣìṣẹ́ ran ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́wọ́. Ní 1980, àjọ náà kéde pé ìgbóná ti tán láyé. Àpá àbẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀pọ̀ àgbà wa.

Nínú Súratul Màídah, ẹsẹ 2, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a ran ara wa lọ́wọ́ lórí rere, Ó sì kọ̀ ọ́ fún wa lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti àbòsí. Nínú Súratul Bàkárà, ẹsẹ 148, Ó pè wá sí ìdíje nínú iṣẹ́ rere. Ohun tí a torí rẹ̀ ṣe méjèèjì ni òṣùwọ̀n wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹgbẹ́ méjì bá parí ìjà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tàbí bí ìjọba méjì bá bọwọ́ lókèèrè, ẹ má tètè pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ẹni tí kò sí níbi ìpàdé náà, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un?

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.