Ta Ló Ni Oríta?

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọkọ̀ èrò gbéra ní gáréèjì ilẹ̀ Yorùbá kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà sí i. Oníwàásù á ní ká má rìn nígbà tébi ń pa ọ̀nà, gbogbo èrò á sì ṣe àmín. Àdúrà náà dára. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ibi tó ń gbà ṣẹ. Ọkọ̀ méjì ń bọ̀ ní oríta kan náà, wọ́n sì ti gbàdúrà nínú àwọn méjèèjì. Bí awakọ̀ kan bá tẹ bíréèkì, àdúrà àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì ti gbà nìyẹn, wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀. Èrò tèmi ni pé ní oríta, ààbò tí à ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run máa ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń tọrọ rẹ̀, tí kò sì fẹ́ dúró fún ẹnikẹ́ni, ohun tí òun kì í fún èèyàn ló ń tọrọ.

Àwọn baba wa kò fojú kékeré wo oríta. Èṣù ni wọ́n fi ibẹ̀ fún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé ẹbọ lọ. Lónìí, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, a óò ní iṣẹ́ Èṣù ni, bẹ́ẹ̀ ìtàn Èṣù gan-an ló dá wa lẹ́bi. Wọ́n ní ó dé fìlà aláwọ̀ méjì, ó gba àárín oko àwọn ọ̀rẹ́ méjì kọjá. Ọ̀kan rí pupa, èkejì rí dúdú, ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé olúkúlùkù gbà pé ohun tí ojú òun tó ló tán. Ní oríta, ògiri ilé, pátákó ìpolówó àti tírélà tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà ti gba ìdajì ojú wa. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ sì tó kan bíréèkì, ó lè lo ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹni tó ní òun á rí i kó tó dé, ó ti pẹ́ jù. Dídẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ojo. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run nìkan ló rí ìhà gbogbo, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń fi ṣèwà hù.

Bó bá wá jẹ́ pé èmi ni ọ̀nà tọ́ sí ńkọ́, bí iná bá ti fi àwọ̀ ewé hàn mí? Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Highway Code, dáhùn lọ́nà tó yà mí lẹ́nu: ó ní àwọn òfin òun kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó ni ọ̀nà rárá, ìgbà tó yẹ kéèyàn fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n fi kún un pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe ìjàǹbá jù lọ ni ojúṣe pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀, àti pé ó yẹ kí awakọ̀ tó fẹ́ yà ní oríta dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ tó ń retí láti sọdá. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n lójú pópó tiwa, tírélà ń lé dánfó, dánfó ń lé ọlọ́kadà, ọlọ́kadà ń lé ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́lá tó ń fọn fèrè sì ń lé gbogbo wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni jàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Àwọn ọmọ tuntun tí orí wọn ń wọ́ nìyẹn.

Àwọn kan á ní àyànmọ́ ni, ẹni tí yóò kú yóò kú. Àwọn náà ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wande Abimbola ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí kò lè dá a ṣe, àfi kí ẹsẹ̀, ìyẹn akitiyan ọmọ èèyàn, bá a rìn. Jésù kọ̀ láti bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì kí áńgẹ́lì lè gbà á, Mùsùlùmí náà sì mọ̀ pé kéèyàn so ràkúnmí rẹ̀ kò ba ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run jẹ́. Bí mo bá tilẹ̀ gbà pé ọjọ́ tèmi ti wà nílẹ̀, ta ló ní kí n jẹ́ ẹni tí ikú ẹlòmíràn yóò gba ọwọ́ rẹ̀ wá?

Àwíjàre tó lágbára jù ni ti ará Èkó: ẹni tó bá ń yà fún gbogbo èèyàn, oríta ni yóò sùn sí. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìwà rere ẹnì kan kò lè tún oríta ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo oríta tí iná rẹ̀ ti kú. Gbogbo ọkọ̀ á ki imú bọ àárín, iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí, títí òṣìṣẹ́ LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, yóò fi dé tí yóò fi ipá mú wọn ṣe ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe. Ẹni tó kọ̀ láti dúró ìṣẹ́jú kan ti dúró fún wákàtí kan. Ráńdàbáòtù kò sì nílò iná kankan: láti ọdún 1972 tí a ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún, ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti apá òsì wa, là ń dúró dè.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà àti oníwàásù tí ẹ ń súre fún ọkọ̀ ní gáréèjì, lẹ́yìn àmín, ẹ sọ fún awakọ̀ lójú gbogbo èrò pé kó dúró fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá kó tó yà. Ẹ̀yin èrò pẹ̀lú, bó bá dúró, ẹ má ṣe bú u.