Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ìkóra-ẹni-níjàánu?

Àwọn baba wa ní sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu ni a máa ń fi ọ̀ràn pàtàkì sí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wo ni a fi ń sọ pé ọmọ yìí ń kóra rẹ̀ níjàánu ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?

Ní ọdún 1935, J. Ridley Stroop, ará Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò kan jáde tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ṣì ń lò fún irú ọ̀ràn yìí. A lè fi àwọ̀ ewé kọ ọ̀rọ̀ náà « pupa », kí a sì ní kí ènìyàn dárúkọ àwọ̀ náà, kí ó má ka ọ̀rọ̀. Ahọ́n fẹ́ ka ọ̀rọ̀. Ènìyàn ní láti dá a dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó mọ ìwé kà ló ń falẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 2018, Craig Hedge, Georgina Powell àti Petroc Sumner tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi irú àwọn ìdánwò bẹ́ẹ̀ dán àwọn ènìyàn kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ipò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró ṣinṣin.

Kí ló fà á? Ká ní gbogbo ọmọ kíláàsì kan gba nǹkan bíi 12 lórí 20. Ẹni tó gba 12 àti ààbọ̀ ni yóò ṣe ipò kìíní, ẹni tó gba 12 ni yóò kẹ́yìn. Orí fífọ́ lásán tó láti yí ipò wọn padà lọ́la. Ohun tó bá gbogbo ènìyàn dọ́gba kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn dáadáa.

Nítorí náà, ọ̀ràn ìdájọ́ òdodo ni èyí. Bí ọmọ kan bá já lu ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí a sì kọ sínú ìwé rẹ̀ pé « kò lè kóra rẹ̀ níjàánu », ọjọ́ kan ni a wọ̀n, ṣùgbọ́n ọmọ náà ni a dá lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn yóò sì tẹ̀ lé e dé kíláàsì mìíràn.

Ṣé kí a wá dákẹ́ ni? Rárá. Olùkọ́ tó fi àléébù ọmọ pamọ́ fún òbí kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Kí a sọ ohun tí a rí, àti ọjọ́ tí a rí i. Kí a má sọ ọ́ di orúkọ ọmọ. Ìwà tí a ó pè ní ti ènìyàn gbọ́dọ̀ ti hàn ní ọjọ́ púpọ̀, níbi púpọ̀, lójú ẹni púpọ̀. Àwa tí a ń wọn sùúrù àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a ní i.