Babátúndé: Bàbá Wo Ló Dé?

Bí wọ́n bá sọ ọmọ ní Babátúndé ní Òde Ùgbò nílẹ̀ Ìlàjẹ, gbogbo ẹbí ló fi ẹnu ara wọn jẹ́rìí pé bàbá ti padà wá. Ṣùgbọ́n bàbá wo? Ṣé èyí tí a mọ orúkọ rẹ̀, ibi tó gbé àti iṣẹ́ tó ṣe ni, àbí ẹnì kan ṣáá lẹ́yìn nínú òkùnkùn ìran? Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo ka èyí sí. Bí a bá ń bọlá fún baba ńlá tí a kò mọ̀, àròsọ la ó máa fi dí ipò rẹ̀, a ó sì máa pe àròsọ náà ní òkú wa. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìwé àtijọ́ tó to orúkọ àwọn ará ìlú pẹ̀lú iṣẹ́ àti ibùgbé wọn wúlò fún ẹni tó ń wá ìran rẹ̀, bó bá ti mọ irú ẹ̀rí tí ìwé náà lè jẹ́.

Láti 1677 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí oníṣòwò lè rí oníṣòwò bá ná. Ní Èkó, John Augustus Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àlímánáàkì tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, ó sì ń to orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò sínú rẹ̀. Sàró ni Payne, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Sierra Leone padà wá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1839. Oyè Ọ̀túnba tó fi kún orúkọ rẹ̀ ló fi ń sọ pé ìdílé ọba ní Ìjẹ̀bú ni òun ti ṣẹ̀. Ọmọ ìran tí òwò ẹrú tú ká ló jókòó to orúkọ ẹlòmíràn jọ. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni kì. Oríkì orílẹ̀ lè so ògo ẹnì kan mọ́ ẹlòmíràn, kì í sì í ka ọdún. Ìwé ní tirẹ̀ á sọ pé lágbájá ń ta aṣọ ládùúgbò báyìí lọ́dún báyìí, á sì dákẹ́. Bí orúkọ náà bá wà fún ọdún mẹ́ta, tó pòórá lọ́dún kẹrin, yálà ó kú ni, tàbí ó kó lọ, ìwé ìsìnkú ìjọ ló kù láti wò.

Ẹlòmíràn lè ní, “Níbo ni Ìlàjẹ wà níbẹ̀?” Òótọ́ ni. Ẹni tó kọ́lé sórí òpó nínú omi, tó ń tẹ̀lé ẹja káàkiri, kò ní òpópónà tí wọ́n máa kọ. Àwọn obìnrin náà sábà máa ń pòórá sábẹ́ orúkọ ọkọ. Àmọ́ ẹni tí olùṣàkójọ ń wá nìkan ni ìwé fi hàn wá; kò ka gbogbo ẹni tó gbé ayé. Kí ọmọ Ìlàjẹ má ṣe gbà pé baba òun kò sí nítorí pé akọ̀wé kan kò ní ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn kan á tún ní Ùgbò ti mọ ìtàn rẹ̀: pé àwọn baba wọn ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. N kò ní bá wọn jiyàn, nítorí kò sí àlímánáàkì tó lè débẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìtàn ńlá lè mú kí ọkàn wa balẹ̀ jù: ènìyàn lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀, kó má mọ orúkọ ìyá bàbá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní Ifá ló ń sọ ẹni tó padà wá, lọ́jọ́ àkọsẹ̀jayé, n óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló máa dá orúkọ náà mọ̀ bí Ifá bá dá a. Onígbàgbọ́ tó ní òkú kì í padà wá ṣì jẹ bàbá àti ìyá rẹ̀ ní gbèsè ọlá, wọn ì báà ti kú.

Ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ létí òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Ibi tí ẹnì kan gbé ti di omi, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti darúgbó. Wọ́n ṣì lè ka orúkọ fún ẹni tó bá mú bírò lọ bá wọn, ti ìyá àti ti bàbá, pẹ̀lú orúkọ èbúté tí olúkúlùkù ti ń tu ọkọ̀ jáde.