Igun Gíláàsì Tí Mi Ò Kà

Òkúta kan tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 2021 ni. Mò ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn láti Èkó, mo ti kọjá Ṣágámù, típà kan tó kó òkúta wẹ́wẹ́ láìfi tapólì bò ó sì wà níwájú mi. Mo gbọ́ "gbà!" lára gíláàsì iwájú. Àmì kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Kí n tó dé Ògèrè, ìlà tín-ín-rín ti gba ojú gíláàsì náà kọjá láti ọ̀tún dé òsì.

Ó ya, ṣùgbọ́n kò tú sí mi lójú. Gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ fi ṣe ti iwájú ọkọ̀, pẹ̀lú awẹ́ ike kan láàárín wọn tí kò nípọn tó mìlímítà kan. Ike yẹn ló ń di àfọ́kù mú. Ọmọ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló rí ọgbọ́n náà ní 1903, nígbà tí ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó sán ṣùgbọ́n tí kò túká, nítorí kẹ́míkà kan ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ bí awọ. Ohun tó gbà mí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì béèrè.

Ẹni tó ń wakọ̀ ní Nàìjíríà mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kì í fojú fo gíláàsì tó ti ya. Ọjọ́ kejì ni mo gba ọjà pàátì lọ. Olùtajà kan gbé méjì síwájú mi fún Corolla mi, ₦38,000 ni ọ̀kan, ₦23,000 ni èkejì. Mo fi ìka kàn wọ́n, mo gbé wọn sójú oòrùn, mi ò rí ìyàtọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìkan náà ni wọ́n," ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí. "Orúkọ lẹ fẹ́ fi owó yín rà yẹn."

Mo gbà á gbọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó wù mí kí n gbà á gbọ́, torí ₦15,000 kì í ṣe owó kékeré lápò mi lákòókò náà. Ó ní àwọn á bá mi dè é lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní tó wákàtí kan. "Lọ́fẹ̀ẹ́" yẹn ló bá mi parí ọ̀rọ̀.

Wọ́n yọ ti àtijọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù tó kù lára irin ni wọ́n ń ha ọ̀dà mọ́ ọn, irin sì hàn ní ìhòòhò níbi mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó kun nǹkan kan sí i. Wọ́n wá tẹ gọ́ọ̀mù silicone yí i ká, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe wíńdò ilé fi ń dí etí fèrèsé. Ojú mi ló ṣe. Mo wa ọkọ̀ mi kúrò níbẹ̀ kí gọ́ọ̀mù náà tó gbẹ.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo rí i pé iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá kejì ti di méjì-méjì, ó ń mì bí ohun téèyàn ń wò lábẹ́ omi. Mo rò pé ojú mi ni. Mo lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, ó ní ojú mi mọ́lẹ̀ kedere. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa súfèé ní igun òkè. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, káàpẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó síwájú bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó ń rùn. Mo ra aṣọ ìnulẹ̀ sínú ọkọ̀, mo sì ń fi nu omi. Oṣù méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù méje yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ìyá mi jókòó síwájú ọkọ̀ náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí.

Omi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ oníwáyà, nítorí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, ó ń kú. Ó wò ó, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti wáyà, ó mú mi lọ bá bàbá kan tó ti ń de gíláàsì láti ayé Peugeot 504. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọlé síwájú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé igun òkè gíláàsì láti inú, ó tì í. Kò fi agbára tì í, àfi bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ọwọ́ ti ń sùn. Gíláàsì náà ṣí kúrò lára irin. Mo rí ojú ọ̀run láàárín wọn.

"Ta ló ń jókòó síbí?"

"Ìyá mi ni, sà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ kan ibi tí ẹ́ábáàgì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, báàgì ti ẹni tó jókòó síwájú kì í kọjú sí èèyàn tààrà. Òkè ló ń fò sí, á fẹ̀yìn ti gíláàsì iwájú, gíláàsì á sì dá a padà sọ́dọ̀ onítọ̀hún, kí ojú tó ṣẹ́. Bí gíláàsì kò bá dúró, báàgì á tì í jáde, orí èèyàn á sì bá dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọkọ̀ bá ta kìtì ńkọ́? Gíláàsì yìí kan náà wà lára ohun tó ń gbé òrùlé dúró. Bàbá ní láyé 504, rọ́bà ló ń di gíláàsì mú, fèrèsé ló jẹ́. Nísinsìnyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, eegun ọkọ̀ ló dà. Eegun yẹn ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù fèrèsé lẹ̀ fún mi, lórí irin tó ti dógùn-ún.

Ó tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀. "Kà á fún mi."

"SAFETY GLASS" ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn.

Ó gbé òmíràn wá, ó ní kí n ka ìyẹn náà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, "LAMINATED" wà níbẹ̀, lẹ́tà E tí wọ́n fa róbótó yí ká sì wà pẹ̀lú nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí gíláàsì náà, 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó bá òfin Amẹ́ríkà mu ń ní DOT pẹ̀lú nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, àti AS1, èyí tó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá kò dín ní ìdá 70 nínú 100. Ayédèrú lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú o. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n dúró sẹ́yìn gíláàsì náà, kí n wo òpó iná tó wà lókèèrè, kí n sì máa gbé orí lọ gbé orí bọ̀. Bí òpó bá ń wọ́ bí ejò, kí n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Òpó náà dúró ṣánṣán.

Èyí tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Toyota. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì yẹ kí n sọ ọ́, nítorí ẹnu wa ti mọ́ bíbú ọjà ibẹ̀. Fuyao tó wà ní Ṣáínà ń ṣe gíláàsì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá gan-an. Kì í ṣe ibi tó ti wá ló pa mí lára, bí kò ṣe ohun tí mi ò kà àti ohun tí mi ò béèrè.

Ìdajì ọjọ́ ni bàbá fi tọ́jú irin nìkan. Ó fi sáńpépà ha ibi tó dógùn-ún, ó kun práímà sí i, ó jẹ́ kó gbẹ, kó tó fa gọ́ọ̀mù dúdú náà, polyurethane, yípo láìjá. Ó ní ọkọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó ní bí mo bá gbé e, kí n ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ níwọ̀n ìka kan, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá ilẹ̀kùn, torí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lè ti gíláàsì kúrò ní ààyè rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìyá mi kì í rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtìgbà tí bàbá ti fọwọ́ tì í. Kò bá mi wí. Ó wọlé síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dún "kẹ́", ó sì yíjú sí mi.

"Àkàndé, ṣé ó ti gbẹ?"